Lẹ́tà «A Kò San» Kì Í Ṣe Ìdájọ́

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn òṣìṣẹ́ Parakou

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan ni mo gbé wá. Lẹ́tà náà kì í gùn. Orúkọ òṣìṣẹ́ máa ń wà lókè rẹ̀, ọjọ́ tó fara pa á wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan tàbí méjì ní èdè Faransé tó ń sọ pé CNSS, àjọ ààbò òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Benin, kò gbà pé ìjàmbá iṣẹ́ ni, nítorí náà kò ní san owó. Ẹni tó gbà á á mú un tọ ọmọ tó lọ sílé ìwé lọ, kó bá òun kà á. Ọmọ á kà á, bàbá á mí kanlẹ̀, wọ́n á ká ìwé náà, wọ́n á tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Wọ́n á ní ìjọba ti sọ̀rọ̀, ó ti parí.

Kò tíì parí. Èrò ọ́fíìsì kan ni lẹ́tà yẹn, lórí ìwé tó wà níwájú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wo ọ̀rọ̀ náà. Adájọ́ kọ́ ló kọ ọ́. Òfin ilẹ̀ Benin fún òṣìṣẹ́ láyè láti sọ pé ohun tí wọ́n sọ kò tẹ́ òun lọ́rùn, kó tún un sọ níwájú àwọn tó kọ lẹ́tà náà, kó sì gbé e dé ilé ẹjọ́ bí wọn kò bá yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí ni bí a ṣe ń ṣe é, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ fi ń pàdánù kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ́fíìsì kankan rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Àpẹẹrẹ lásán ni o, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ká ní ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ràímì, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ya òwú kúrò lára kóró rẹ̀. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ yẹn nílùú yìí. Nígbà tí ọkọ̀ òwú bá ń wọlé láti Banikoara àti Kandi, tọ̀sán-tòru ni iṣẹ́ ń lọ. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gbá Ràímì lọ́wọ́ mú, ó sì fọ́ ọ níka méjì. Ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, CHUD. Ó san owó oògùn, ó san owó iṣẹ́ abẹ, ó gbé àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́ sílé. Àwọn àgbà ẹbí kó ara wọn jọ, wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé ọmọ òun ni Ràímì. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n túká. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ojú egbò ti jiná, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ká mọ́. Ìrẹsì ti tán tipẹ́. Ọ̀gá ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀, nítorí iṣẹ́ kò lè dúró. Ìgbà yẹn ni aládùúgbò kan tó wá sọ fún un pé kó lọ sí CNSS. Ó lọ. Wọ́n bi í pé ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ fi kéde ìjàmbá náà dà? Ìwé tí dókítà kọ́kọ́ kọ dà? Ta ló wà níbẹ̀ tó rí i? Ràímì ń wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà «a kò san» dé.

Èèyàn búburú kọ́ ni ọ̀gá Ràímì, àwọn àgbà ẹbí náà kò sì ṣe ohun tí ojú kò rí rí. Bí a ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú oore báyìí gan-an ni ẹ̀tọ́ ti ń sọnù jù lọ nílùú wa, mo sì gbà pé ó ń sọnù níbẹ̀ ju ibi tí ọ̀gá ti jẹ́ òṣìkà lọ. Bí ọ̀gá bá lé èèyàn jáde, èèyàn á bínú, á wá ibi tí yóò fẹjọ́ sùn sí. Bí ọ̀gá bá gbé ìrẹsì wá, ojú á máa ti èèyàn láti béèrè ìwé. Ẹ gba ìrẹsì, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè ìwé. Ìkan kò ba ìkejì jẹ́.

Owó tí à ń sọ yìí kì í jáde láti àpò ọ̀gá lọ́jọ́ ìjàmbá. Ó ti ń san án tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ òfin ààbò òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Benin, ìyẹn òfin 98-019 ti ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2003, gbogbo agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa dá owó fún CNSS nítorí ìjàmbá iṣẹ́. Ìdá 1 sí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, bí ewu iṣẹ́ náà bá ṣe pọ̀ tó. Agbanisíṣẹ́ nìkan ló ń san èyí. Ìdá 3.6 tí ẹ ń rí lórí ìwé owó oṣù yín pé wọ́n yọ, ti ọjọ́ ogbó ni. Èésú ni ọ̀gá ti ń dá lórúkọ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ kíkó bá dé, ẹ kì í tọrọ.

Ohun kejì tó yẹ kó tètè wọ̀ wá létí ni pé òfin kò ní kí òṣìṣẹ́ fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ láti gbà gbọ́. Ẹlòmíì á ní, «Àìfiyèsí mi ni, mo ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ mú mi, báwo ni mo ṣe máa béèrè owó?» Bí ìjàmbá bá ṣẹlẹ̀ nítorí iṣẹ́ tàbí lẹ́nu iṣẹ́, ohun yòówù kó fà á, ìjàmbá iṣẹ́ ni, àfi bí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe. Láti ilẹ̀ òkèèrè ni ìlànà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní Jámánì lọ́dún 1884, ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1898. Kó tó dìgbà náà, òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ ní láti pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́, kó fi hàn pé ọ̀gá ló ṣe àṣìṣe, ìyẹn sì ṣòro fún tálákà. Òfin wá ṣe àdéhùn láàárín àwọn méjèèjì. Òṣìṣẹ́ kò ní wá ẹ̀bi mọ́, ọ̀gá kò sì ní san ju iye tí òfin là sílẹ̀.

Kò tètè dé ọ̀dọ̀ tiwa. Nígbà tí ọ̀nà rélùwéè láti Cotonou dé Parakou ní àwọn ọdún 1930, iṣẹ́ tipátipá ṣì wà ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1946 ni òfin fòpin sí i. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹwàá 1947, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè dá iṣẹ́ sílẹ̀ láti Dakar dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn ti ọ̀nà rélùwéè Bénin-Niger wà nínú wọn, wọ́n ń béèrè pé kí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ dúdú bá ti funfun dọ́gba. Oṣù kẹta 1948 ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú tán. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1952 tẹ̀ lé e, àṣẹ lórí ìjàmbá iṣẹ́ sì jáde lọ́dún 1957. Èèyàn ló jà fún nǹkan wọ̀nyí, àwọn kan lára wọn sì fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ nínú ebi fún oṣù mélòó kan. Ìdí tí mo fi ń rántí wọn nìyẹn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ti ká lẹ́tà rẹ̀ sínú àpótí.

Ó yá, kí ló máa ń wà nínú lẹ́tà náà? Ẹ kà á dáadáa, nítorí ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ni yóò sọ ohun tí ẹ máa mú lọ.

Ìdí tó wọ́pọ̀ ni pé wọn kò kéde ìjàmbá náà lásìkò. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe, kí ọ̀gá sì kéde rẹ̀ láàárín wákàtí 48. Déclaration d'accident du travail ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀, torí bí wọ́n ṣe máa bi yín lójú fèrèsé nìyẹn. Bí ọ̀gá kò bá ṣe é, ẹ̀tọ́ kò tìtorí ẹ̀ kú. Ẹni tó fara pa tàbí ẹbí rẹ̀ lè kéde fúnra wọn. Ohun tó burú ni kí èèyàn jókòó títí ọ̀rọ̀ á fi gbó, nítorí àsìkò tí òfin là sílẹ̀ ní òpin.

Ìdí mìíràn ni pé kò sí ẹ̀rí pé lẹ́nu iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ẹ̀rí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà, wọ́n ti kọ orúkọ yín sínú ìwé ńlá wọn, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí, àti ohun tí ẹni tó gbé yín wá sọ pé ó ṣe yín. Ẹ padà lọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ fún yín. Fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò kéde ìjàmbá, n kò mọ ìwé tó lágbára ju ìyẹn lọ, nítorí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹjọ́ yóò wà ló kọ ọ́. Àwọn tí ẹ jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà ńkọ́? Ẹ gba orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tó wọṣẹ́ lálẹ́ náà, ẹ̀rí ni. Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí WhatsApp pé, «Ọ̀gá, ẹ̀rọ ti mú mi lọ́wọ́ o», ọjọ́ àti wákàtí wà lára rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó fara pa, mo bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rù láti jẹ́rìí. Ọwọ́ yín náà ń sún mọ́ ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́.

Wọ́n lè ní ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀, pé kì í ṣe níbi iṣẹ́. Ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà láti ilé lọ síbi iṣẹ́, àti èyí tó ń gbà padà, wà lábẹ́ òfin kan náà, bí kò bá yà síbòmíì nítorí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà zémì láàárọ̀ nígbà tó ń lọ síṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́. Ẹni tó yà sí ọjà Arzèkè kó tó ṣubú, ẹjọ́ tirẹ̀ á le díẹ̀.

Àwọn kan á sì gbọ́ pé orúkọ àwọn kò sí nínú ìwé CNSS rárá. Ọ̀gá ló yẹ kó forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, àìṣe bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kó tètè lọ rí inspecteur du travail, aṣojú ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Ìwé owó oṣù, káàdì ibi iṣẹ́, àwòrán tí ẹ yà nínú aṣọ iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wúlò láti fi hàn pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni yín. Mo fẹ́ bá àwọn ará wa láti Ẹjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti gbogbo ìhà Nàìjíríà sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ẹlòmíì nínú yín gbà pé nítorí òun kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, òun kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Òfin ààbò òṣìṣẹ́ Benin kò wo orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù níhìn-ín, abẹ́ òfin ibí ló wà.

Ẹ ti wá mọ ìdí, ẹ ti kó ẹ̀rí jọ. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti padà sọ́dọ̀ CNSS fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, kí ẹ ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà wò. Recours gracieux ni Faransé ń pè é. Ẹ má lọ fẹnu bẹ ẹnikẹ́ni lójú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní òǹtẹ̀. Ìwé náà kò ní láti gùn, kò sì ní láti dùn létí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: èmi lágbájá, nọ́ńbà CNSS mi nìyí, mo gba lẹ́tà yín ti ọjọ́ báyìí. Ẹ ní kì í ṣe ìjàmbá iṣẹ́ nítorí báyìí. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibi báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, ẹni tó rí i nìyí, ìwé ilé ìwòsàn nìyí. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tún un wò. Ó tán. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì CNSS ti Parakou níhìn-ín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sára èkejì, kí ẹ mú un lọ sílé. Décharge ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tí kò bá ní décharge kò ní ohun tí yóò fi hàn pé òun wá. Ẹ fi fọ́tòkọ́pì sílẹ̀ o. Ojúlówó ìwé yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà «a kò san», ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ni mo ní láti fi dáhùn? Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sẹ́yìn rẹ̀. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, torí ẹjọ́ tó dára lè bà jẹ́ nítorí pé ó pẹ́ nílẹ̀ nìkan.

Bí CNSS bá tún kọ̀, tàbí tí wọn kò dáhùn, ilé ẹjọ́ ló kàn. Tribunal de première instance wà ní Parakou, ó sì ní ìhà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Òfin kò fipá mú yín láti gba lọ́yà. Ẹ lè dúró fúnra yín, aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì lè ràn yín lọ́wọ́. UNSTB, CGTB, CSA-Bénin, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní ẹni tó mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Bí ìdájọ́ náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wà nílùú yìí kan náà, Cour d'appel de Parakou, ẹ kò ní láti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cotonou. Ẹni tó bá rántí ìgbà tí gbogbo ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Borgou ń lọ sí Cotonou mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán.

Irú ìkọ̀sílẹ̀ kan wà tí kì í jọ ìkọ̀sílẹ̀. CNSS gbà pé ìjàmbá iṣẹ́ ni, ó san owó ìtọ́jú, ó san owó ojúmọ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ wà nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà wọn wá wọn ohun tó kù lára, ó kọ iye tó kéré. Owó ojúmọ́ yẹn jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí èèyàn ń gbà lójúmọ́. Ẹni tó ń gba 90,000 fáráǹkì lóṣù, 3,000 ni lójúmọ́, 2,000 ni yóò máa gbà. Ó rọrùn láti ṣírò. Èyí tó kù lára, bíi ìka tí kò ká mọ́, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń wọn ọ́n, ìwọ̀n náà ló sì ń sọ bóyá owó ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn máa gbà tàbí owó tí yóò máa wọlé títí ayé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fojú kékeré wo nọ́ńbà yẹn. Bí ẹ bá rí i pé kò bá ohun tí ara yín ń sọ mu, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn, kó kọ ohun tí ọwọ́ yín kò lè ṣe mọ́ ní kíkún: kò lè di ìkòkò mú, kò lè tẹ ìjánu ọ̀kadà, kò lè gbé àpò. Ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, adájọ́ lè yan dókítà tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni láti tún yín yẹ̀ wò.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá gbé ìwé wá pẹ̀lú owó, pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ mú un lọ sílé fún ọjọ́ kan. Ẹ mú un tọ inspecteur lọ. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé iṣẹ́ yín ti lọ nítorí pé ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé òfin iṣẹ́ ti ọdún 1998 ní ìdádúró ni àsìkò tí òṣìṣẹ́ fi ń gba ìtọ́jú nítorí ìjàmbá iṣẹ́. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kò tìtorí ẹ̀ já.

Ní Nàìjíríà, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ní ẹbí, òfin ọdún 2010 lórí owó ìjàmbá iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àjọ NSITF. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún ọ̀gá, ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ní láti kéde, ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè gbé e dé National Industrial Court. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbọ́ mi nísinsìnyí kò sí lábẹ́ ààbò yìí. Oní-zémì tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ìyá tó ń ta ata, bíríkìlà tí wọ́n ń pè lójúmọ́ láìsí ìwé kankan: ìjàmbá iṣẹ́ ń bá àwọn náà, CNSS kò sì mọ̀ wọ́n. N kò ní dá ọgbọ́n tán níbẹ̀ lónìí. Ìjọba ló yẹ kó gbọ́ ìyẹn, ó sì yẹ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wa léraléra.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, tí lẹ́tà yẹn wà nínú àpótí yín lálẹ́ yìí, ẹ yọ ọ́. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ẹ wo ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì inspecteur du travail, pẹ̀lú ìwé ilé ìwòsàn yín àti orúkọ ẹni tó rí i. Ẹni tí kò bá lè rìn, kí ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ bá a lọ. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.